Àbúrò mi kó sọ́wọ́ àwọn adigunjalè

Ẹ kú ilé o. Kétu ti ilẹ̀ Benin la wà. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú ni àbúrò mi, ọmọ ọdún 20, ti ń dá jẹ, tó ń dá sùn. Àwọn tó ń fi alùpùpù kó epo kpayo, ìyẹn epo bẹntiróò fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, gba ọ̀nà Ìlárá ló mú un mọ́ra. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà yẹn, òmùgọ̀ èmi! Àṣé wọ́n ń dánà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fọ ṣòkòtò rẹ̀, omi pọ́n bí osùn, kò sì sí egbò lára rẹ̀.

Mo ti bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá wa náà bá a wí. Ó ní bí òun bá kúrò, wọ́n á pa òun.

Ẹ má bínú, ó gùn. Ta ni kí n kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ yìí lọ̀, tí ẹ̀mí rẹ̀ ò fi ní bá a lọ? Ẹ ṣé, mo dúpẹ́ sílẹ̀.