Púláyà olówó ńlá kan ṣoṣo àbí sẹ́ẹ̀tì inú báàgì? Ẹ̀yin oníná Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ gbà mí o

OmoOnina_Akure
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fríídọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́ wáyà ni, Òkè-Ìjẹ̀bú níbí ni mo wà, mo sì ti ń gba iṣẹ́ tara mi díẹ̀díẹ̀. Wáyà ilé ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ àwọn èèyàn ti ń pè mí sí sólà náà báyìí torí owó epo jẹnẹrétọ̀ ti sú gbogbo wọn. Irinṣẹ́ tí mo fi kọ́ṣẹ́, ti ọ̀gá mi ni, ọ̀dọ̀ wọn ló ṣì wà.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju 60,000 lọ. Mo yà sí Ọjà Ọba, ẹnì kan ní kí n kó sẹ́ẹ̀tì, púláyà, long nose, sáìdì kọ́tà, tẹ́sítà, gbogbo ẹ̀ nínú báàgì kan, ṣéńjì á tún ṣẹ́ kù. Ẹlòmíì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní irọ́ ni, pé kí n kó gbogbo owó lé ojúlówó kan ṣoṣo. Mo bá jáde, mi ò ra nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Tó bá sì jẹ́ ọ̀kan ni mo máa kọ́kọ́ rà, ṣé púláyà ni àbí kọ́tà? Kí ló tiẹ̀ fà á tí kọ́tà kan á fi gé wáyà lẹ́ẹ̀kan náà, tí òmíì á kàn máa rún un mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ bá gbé wọn síra wọn?

BabaWaya
Àbúrò, o kú oríire. Kí lo máa ń gé jù lóòjọ́? Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà, kì í ṣe lára orúkọ tí wọ́n kọ sára irin. Tó bá jẹ́ wáyà ilé lò ń ṣe, 1.5 mm² ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún éésì, ó lè kan 6 tí kúkà bá wà. Kọ́pà ni gbogbo ẹ̀, kọ́pà ò sì le. Kọ́tà tó bá dáa níwọ̀nba á gé e títí wàá fi gbàgbé ọjọ́ tó o rà á. Ohun tó ń pa kọ́tà ni nǹkan tí kì í ṣe kọ́pà. Ìṣó. Sípíríǹgì. Wáyà bíréèkì ọ̀kadà. Ọmọ iṣẹ́ á rí ìṣó tó yọ lára pátákó, kọ́tà ọ̀gá ẹ̀ ló máa nawọ́ sí, kò ní wo ti òòlù tó wà nílẹ̀. Ẹnu kọ́tà yẹn á jẹ wẹ́rẹ́ níbì kan, wàá sì rò pé kò ṣe nǹkan, àmọ́ gbogbo fọ́nrán tó bá bọ́ sójú ibẹ̀ kò ní gé tán mọ́, o máa fọwọ́ fà á já ni.

Ìyẹn ni mo fi sọ pé kó o ya iṣẹ́ púláyà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ kọ́tà. Púláyà 8 inch, kó dì mú, kó yí, kó fa wáyà jáde nínú páìpù, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn, ibi tó ń gé lára ẹ̀ wà fún ìgbà tí kò bá sí nǹkan míì nítòsí. Sáìdì kọ́tà ní tiẹ̀, ẹnu ẹ̀ dá gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lè wọ inú bọ́ọ̀kìsì sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri kó sì gé e sún mọ́ ìdí, púláyà ò lè ṣe ìyẹn. Tórí náà lójú tèmi, kọ́tà ni kó o ná owó gidi lé, púláyà ṣì lè jẹ́ ti àárín. Púláyà tí irin ẹ̀ ò le tó á ṣì dì nǹkan mú fún ẹ, kọ́tà tí irin ẹ̀ ò le tó kò wúlò fún nǹkan kan.

Èyí tó o bi pé kí ló fà á, méjì ni. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnu kọ́tà gbọ́dọ̀ le ju ara ẹ̀ lọ, wọ́n máa ń fi iná sè é lọ́tọ̀ ni, àwọn tó dáa máa ń ju 60 HRC (ìwọ̀n líle irin) lọ níbi ẹnu. Chrome vanadium tí wọ́n kọ sára ẹ̀, orúkọ irin lásán nìyẹn, kò sọ bí wọ́n ṣe sè é. Ìkejì ni píìnì àárín. Tí píìnì bá sún mọ́ ẹnu, apá á gùn, agbára díẹ̀ ni wàá lò. Wo ibẹ̀ kó o tó wo orúkọ.

BenderOndo
Ẹ̀yin oníná, ariwo yín pọ̀ jù irinṣẹ́ yín lọ. Àwa bẹ́ńdà, àwa tó ń tẹ irin ilé, ní Oǹdó níbí, pínsà kan la fi ń jẹun. Ó ń dì, ó ń yí, ó ń gé, ọwọ́ ò kúrò lára ẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ra pínsà tí apá ẹ̀ gùn, kó o lọ sinmi.

Òótọ́ ni ṣá pé báíńdìn wáyà tí a fi ń so irin pọ̀ rọ̀, wọ́n ti fi iná sè é kó lè rọ̀, òun ni pínsà fi ń bá a ṣeré. Ẹni tó bá gbé e sí irin 12 mm á kàn fún un ní ihò lẹ́nu. Irin, ayùn irin tàbí kọ́tà ńlá ọlọ́wọ́ méjì gígùn yẹn ló ni ín.

BabaWaya
@BenderOndo wá gbé pínsà yẹn wọ inú bọ́ọ̀kìsì sọ́kẹ́ẹ̀tì 3 by 3 kó o fi hàn wá 😂

IyaIrinse_OjaOba
Oníbàárà mi, ìwọ tó jáde láì ra nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí n ti rí ẹ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tà á. Sẹ́ẹ̀tì inú báàgì yẹn kì í ṣe ayédèrú o, iṣẹ́ ilé lásán ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó fẹ́ tún fáànù ara ẹ̀ ṣe ní Sọ́ńdè. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ẹ̀ jẹun, tókúnbọ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n wò. Àwọn Knipex tó wá láti Jámánì, láti 1882 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Wuppertal níbẹ̀, púláyà ni iṣẹ́ wọn, wọn ò dà á pọ̀ mọ́ nǹkan míì. Chicago ni Klein ti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1857, àwọn tó ń gun òpó tẹlifóònù àti ti iná ni wọ́n mọ̀ ọ́n fún, àmọ́ ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹrù tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa.

Bó o ṣe máa yẹ tókúnbọ̀ wò nìyí. Pa ẹnu ẹ̀ dé, fún un díẹ̀, gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì ń yọ láàárín ibi tó ń gé, gbé e sílẹ̀. Fọwọ́ mì í sọ́tùn-ún sósì, tí píìnì bá ti ń jó, ìyẹn náà ti lọ. Wá fọ́nrán kan ṣoṣo látinú wáyà fléksì, fi góńgó ẹnu ẹ̀ gé e, fi àárín gé e, fi ìdí gé e, kó sì tún gé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà láì fà á. Èyí tó bá gé ọ̀rá, kò sí fọ́nrán kọ́pà tí kò ní gé. Àmọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kì í wò: wo ẹnu ẹ̀ bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń gbé kọ́tà tí ẹnu ẹ̀ ti fọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ àwọn wẹ́dà, á mú yányán lójú ẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ti mú kó gbóná, líle tí wọ́n fi sí i ti lọ. Tó o bá rí àwọ̀ búlúù lẹ́nu irin, sá fún un. Mi ò ní sọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú ẹ̀ o, ọjà kan náà la jọ wà.

SolaFUTA
Ẹ kú ọjà mà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ẹnu ẹ̀ dáa gan-an, ọwọ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí ọmọ yìí ní òun fẹ́ wọ sólà. Rọ́bà pupa tàbí yẹ́lò tó wà lọ́wọ́ púláyà kì í ṣe ààbò kankan, wọ́n fi síbẹ̀ kó má baà dun ọwọ́ ni. Èyí tó jẹ́ ti iná gidi máa ní àmì tíráyáńgù méjì tó wọnú ara wọn, wọ́n á sì kọ 1000 V sí i. IEC 60900 lórúkọ òfin tó de irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, 1000 V fún AC (irú iná NEPA), 1500 V fún DC (irú iná sólà àti bátìrì), wọ́n sì máa ń fi 10,000 V dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kó tó kúrò níléeṣẹ́. Wàyí o, tókúnbọ̀ tí rọ́bà ọwọ́ ẹ̀ ti là, tàbí tó ti yọ́ níbì kan, àmì yẹn ò níṣẹ́ mọ́. Ẹnu ẹ̀ lè dáa bí ó ṣe wù kó dáa, ṣe bí ẹni pé irin lásán lo dì mú. Èmi ò lè ra tókúnbọ̀ tórí ọwọ́ ẹ̀ láé, ẹnu ẹ̀ nìkan ni mo lè rà á fún. Ẹ má bínú mà.

Ohun kejì, sólà yàtọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì márùn-ún tẹ́ ẹ so tẹ̀ léra wọn lè kọjá 200 V lójú oòrùn, DC sì ni. Iná NEPA, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń kọjá lórí òdo, òun ló ń jẹ́ kí iná tó bá ta pàrà tètè kú. DC kò ní òdo, tó o bá gé e nígbà tó ń ṣiṣẹ́, iná yẹn á dúró láàárín ẹnu kọ́tà ẹ, á máa jó. Ẹ pa DC breaker kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ bo páńẹ́ẹ̀lì tó bá ṣeé bò, ẹ sì fi mítà wò ó.

Ohun kẹta, wáyà bátìrì. 25 mm², 35 mm², sáìdì kọ́tà ò lè gé e dáadáa, á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ ni, lọ́ọ̀gì, irin tí a fi ń so orí wáyà mọ́ bátìrì, ò sì ní wọlé mọ́. Cable cutter ló ni ín, èyí tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ tó ń gbá wáyà mọ́ra. Kọ́pà àti àlùmíníọ́ọ̀mù nìkan ló wà fún o. Wáyà òpó iná kan wà tó jẹ́ àlùmíníọ́ọ̀mù lókè, irin wà láàrin ẹ̀, ẹ má dán an wò. Ẹ tún ra crimper, òun ló ń fún lọ́ọ̀gì mọ́ wáyà. Mo rí ẹni tó fi púláyà àti òòlù lu lọ́ọ̀gì mọ́ wáyà ínfátà níbì kan ní Ìjàpọ̀, rọ́bà ibẹ̀ ti yọ́ tán.

OmoOnina_Akure
Ha, ẹ ṣeun gan-an ni o, mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ló kù. Tí púláyà bá ní àmì 1000 V yẹn, ṣé mo lè máa fi gé wáyà NEPA láì pa iná? Mo ti rí àwọn tó ń ṣe é. Èkejì, bíbó wáyà, ẹnu kọ́tà la máa ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, nígbà míì eyín. Ṣé mo nílò stripper lóòótọ́?

BabaWaya
Àmì 1000 V wà fún ọwọ́ ìwọ tó dì í mú, kò sí fún ẹnu ẹ̀. Tó o bá gé láìfù (èyí tó ń gbé iná wá) àti niútírà (èyí tó ń dá a padà) pọ̀ nínú wáyà kan náà, irin kọ́tà ló so wọ́n pọ̀ yẹn, á dún gbàà, ihò róbótó á sì wà lẹ́nu kọ́tà tó o fi gbogbo owó ẹ rà. Wo ẹnu púláyà àwọn tó o rí yẹn dáadáa, wàá rí àpá ẹ̀. Pa breaker, fi tẹ́sítà wò ó, kó o tó gé e. Tó bá di dandan pé iná wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, ọ̀gá ẹ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ níṣojú ara ẹ̀, kì í ṣe èmi níbí.

Bíbó, ra stripper, kò wọ́n. Kì í ṣe torí eyín ẹ nìkan. Ẹnu kọ́tà máa ń ha kọ́pà lára, kọ́pà tó bá ti ní ojú ọgbẹ́, ibẹ̀ ló máa ti já tó o bá ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá já tán, ibẹ̀ á tín-ín-rín, á máa gbóná. Wọ́n á ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kò dáa. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ́ kọ́tà lè bó o láì ha á, mo gbà, àmọ́ wáyà fléksì tí fọ́nrán ẹ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ tó ìyẹn.

KapentaPaanu
Ẹ má bínú pé mo já wọlé o, páánù ni iṣẹ́ tèmi. Ẹ bá mi sọ fún àwọn oníná tó ń yá sísọ́ọ̀sì páánù wa láti fi gé wáyà: pupa ń gé lọ sósì, gíríìnì ń gé lọ sọ́tùn-ún, yẹ́lò ń lọ tààrà, kò sí èyí tó ń lọ síbi wáyà yín nínú ẹ̀ 😡

PlumberIdanre
Kẹ́ ẹ fi ti wa náà kún un. Ẹ yéé fi púláyà tú nọ́ọ̀tù, ẹ ń jẹ orí ẹ̀ róbótó, ẹ wá ń pe plumber.

OmoOnina_Akure
Ó dáa o. Ohun tí mo rò rèé: sáìdì kọ́tà tókúnbọ̀ 7 inch tí píìnì ẹ̀ sún mọ́ ẹnu, owó tó pọ̀ jù á lọ síbẹ̀. Púláyà tuntun tó ní àmì 1000 V, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ti Jámánì. Stripper. Cable cutter àti crimper, màá yá a lọ́dọ̀ ọ̀gá mi fún iṣẹ́ sólà àkọ́kọ́, owó iṣẹ́ yẹn ni màá fi ra tèmi. Ìyá Irinṣẹ́, ṣé kọ́tà bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín?

IyaIrinse_OjaOba
Ó wà. Wá lọ́la lẹ́yìn aago mẹ́wàá, kó o mú fléksì tìẹ dání kí n má baà dà bí ẹni tó ṣètò ẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

BabaWaya
Iye tó bá kọ́kọ́ pè fún ẹ, má san án o.

IyaIrinse_OjaOba
Bàbá, ẹ jẹ́ kọ́mọ kọ́kọ́ dé ná.