Ilé tí wọ́n ń fi trélà gbé wá: ẹ bá mi dá sí i

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ gbà mí o. Èmi àtìyàwó mi ti ra ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Houston, owó tó kù ò lè kọ́lé, la bá lọ wo àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ tán ní ilé iṣẹ́. Ẹni tó ń tà á kàn ń pe gbogbo ẹ̀ ní modular, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kọ́ ní abala ńláńlá ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n á wá so pọ̀ lórí ilẹ̀ ẹni, àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọ̀kan, irin gbọọrọ ni wọ́n fi gbé e, ojú ibi tí wọ́n so táyà mọ́ ṣì wà níbẹ̀, irin pupa pẹlẹbẹ kékeré ti HUD (iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé) sì wà lára ògiri ìta. Ohun témi kà ni pé manufactured nìyẹn, òfin ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, pé òfin ìpínlẹ̀ àti àdúgbò ni modular ń tẹ̀ lé, orí ìpìlẹ̀ kọnkéré ló sì ń jókòó sí. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Èwo ni báńkì ń tètè yáni lówó lé lórí? Àwọn tó ra èyí tí wọ́n ń to ògiri ẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wọ́n jù? Mọ́mì mi ń bọ̀ wá bá wa gbé láti Ìbàdàn, orúnkún ń dùn wọ́n, mi ò fẹ́ ilé tí ilẹ̀ ẹ̀ á máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.