Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Tessie tako àṣà ni àbí ikú ara rẹ̀ ló kọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn kúkúrú. Ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí "The Lottery" tí Shirley Jackson kọ lọ́dún 1948. Nínú ìtàn náà, àwọn ará abúlé kan máa ń ṣẹ́ ìbò lọ́dọọdún: wọ́n á mú ìwé nínú àpótí, wọ́n á sì sọ ẹni tí ìbò bá mú lókùúta pa.

Tessie Hutchinson pẹ́ dé ibi ìbò, ó ń bá àwọn ará abúlé ṣàwàdà. Ìgbà tí ìbò mú ìdílé rẹ̀ ló tó pariwo pé kò tọ́. Ó tilẹ̀ fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ wá mú ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú wọn, ìyá tó bí i o! Ọ̀rẹ́ mi kan ní akọni ni. Èmi ò gbà.

Ti Adams, ọ̀kan nínú àwọn ará abúlé náà, ló wá ń dùn mí jù. Òun ló sọ fún bàbá àgbà Warner pé abúlé kan ń gbèrò láti pa ìbò náà tì. Ìyàwó rẹ̀ sì fi kún un pé àwọn ibòmíì ti jáwọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé òkúta láti sọ lu Tessie, iwájú ni Adams wà. Kí ló dé tí ẹni tó mọ̀ pé ó ṣeé fi sílẹ̀ kò fi í sílẹ̀? Ṣé ìbẹ̀rù ni, àbí ó ti mọ́ ọn lára?

Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ rí nínú ìtàn náà tó dáhùn èyí? Ẹ tún bá mi dárúkọ ìtàn kúkúrú mìíràn tí ẹnì kan ti tako irú àṣà bẹ́ẹ̀ kí ó tó kàn án.