Ìdí tí "àgọ́ àtìpó" kò fi bá Hahndorf mu

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí á máa pe ìletò tí àwọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ òkèèrè dá sílẹ̀ ní "àgọ́ àtìpó", ó sì fi Hahndorf ní gúúsù Ọsirélíà ṣe àpẹẹrẹ. Mo mọ rírì akitiyan náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Àtìpó ni ẹni tó wọ̀ sílé onílé, tí ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́nà ilé. Àwọn tó dá Hahndorf sílẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi Zebra gbé gúnlẹ̀ ní ìparí ọdún 1838, kò ní ilé kankan tí wọ́n ń fojú sọ́nà láti padà sí. Ọmọ ìjọ Luther láti Prussia, ilẹ̀ ọba kan tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì, ni wọ́n. Ọba ibẹ̀ fẹ́ fi ipá mú wọn lo ìlànà ìjọ́sìn tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò gbà, tọmọdé tàgbà wọn sì ṣí kúrò pátápátá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo dábàá pé kí á pè ní aṣíwá. (Jámánì kò tí ì di orílẹ̀-èdè kan nígbà náà, èdè wọn ni a fi ń pè wọ́n ní ará Jámánì.)

Àgọ́ ńkọ́? Ohun tí a ń pa lónìí tí a ó tú lọ́la ni. Àwọn obìnrin Hahndorf nígbà náà a máa dìde lóru, wọn a ru bọ́tà, ẹyin àti ẹ̀fọ́, wọn a fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí 30 kìlómítà gba orí òkè dé ọjà Adelaide. Wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀ títí di òní pé bí wọ́n bá ń bọ̀, oníkálukú a gbé bíríkì méjì lọ́wọ́ fún ilé ìjọsìn tí wọ́n ń kọ́. Àgọ́ kọ́ ni ènìyàn ń ru bíríkì lọ.

Abúlé ni, èdè wọn gan-an ló sì sọ bẹ́ẹ̀, nítorí "dorf" ni abúlé. Hahndorf jẹ́ Abúlé Hahn, bí a ti ń sọ pé Abúlé Ẹ̀gbá. Síbẹ̀ kí á ṣọ́ra: Dirk Hahn kọ́ ló dá a sílẹ̀. Òun ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, tó bá wọn bẹ àwọn olówó tó ní ìwé ilẹ̀ kí wọ́n tó rí ibi kọ́lé sí ní ọdún 1839, tó sì padà sójú òkun. Orúkọ ìdúpẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan lè fẹ́ lò dípò "dá sílẹ̀", ìyẹn "tẹ̀dó", ló ṣòro jù fún mi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó ló ni ilẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ fún àwọn ará Jámánì yìí, a ti dá àwọn Peramangk lẹ́bi nìyẹn, àwọn tó ni ibẹ̀ tí wọ́n sì ń pè é ní Bukartilla. Lóòótọ́ ni a ń lo "tẹ̀dó" fún ìlú tí wọ́n ti bá àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn arókìn wa kì í gbàgbé láti sọ ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀.

N kò sì fẹ́ kí á túmọ̀ orúkọ Hahndorf. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba ibẹ̀ fi òfin ọdún 1917 pa orúkọ ìlú àti ibi 69 tó jẹ́ ti Jámánì rẹ́, Hahndorf sì di Ambleside títí di 1935 kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́.

Èyí ni mo gbé síwájú yín fún àtúnṣe: "Hahndorf: abúlé tí àwọn aṣíwá ará Jámánì dá sílẹ̀ ní 1839 lórí ilẹ̀ àwọn Peramangk."