Ìdáhùn: “ìpadàbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì”, “ìjágbàlọ”, “ìwàlójúfò”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín láti Ṣàgámù.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Igbó gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kalẹ̀ fún ìwé pélébé tí ìjọ wọn fẹ́ kà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì. Wọ́n ní kí “ìpadàbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì” jẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ pé Jésù máa tún wá, kí “ìjágbàlọ” rọ́pò “ìgbàsókè”, ìyẹn gbígbà tí a máa gba àwọn onígbàgbọ́ lọ pàdé Olúwa ní òfuurufú, kí “ìmúrasílẹ̀” sì di “ìwàlójúfò”. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, n kò lè gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àkọ́kọ́ ló sì le jù lójú mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí èèyàn tó padà bọ̀, ó ti wá rí, ó sì ti lọ. Ìbí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kì í ṣe ìpadàbọ̀, wíwá ni. Tí a bá wá ní “ìpadàbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì”, a ti sọ pé ó padà bọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, èyí tí à ń retí á wá di ìgbà kẹta tó máa wá sáyé. Ìjọ wo ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Hébérù 9:28 ní yóò fara hàn nígbà kejì: fífarahàn ni wọ́n kà níbẹ̀, wọn ò ka ìpadà. Jòhánù 14:3 lo “padà wá”, kò sì fi òǹkà kankan tì í. Nítorí náà, ẹ sọ pé “ìpadàbọ̀” kí ẹ dákẹ́, tàbí kí ẹ sọ pé “bíbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì”.

“Bíbọ̀” lèmi fara mọ́. Àbọ̀ ti wà nínú “bọ̀” kí “padà” tó dé. Ìyá kan ń ta ìkọ́kọrẹ́ ní Sábó níbí. Ẹ̀bà tán lọ́jọ́ kan nígbà tí èèyàn ṣì wà lórí ìdúró. Ó fi ọmọrí dé ìkòkò, ó nuwọ́ sétí ìró, ó ní “Mò ń bọ̀ o”, ó kẹ̀yìn sí wa, ó lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé báwo lo ṣe ń lọ tí o ní ò ń bọ̀. A jókòó dè é. Ẹni tó ń lọ ló máa ń sọ pé òun ń bọ̀, òun náà ló wà nínú “ó dàbọ̀”. “Jésù ń bọ̀” tí àwọn onídánfó ń kọ sẹ́yìn ọkọ̀ láti ibí dé Ìjẹ̀bú-Òde ti gbé lílọ rẹ̀ àti àbọ̀ rẹ̀ pọ̀. Nínú Bíbélì àtijọ́ wa náà, èsì tí ìjọ fún un ní Ìfihàn 22:20 ni “Máa bọ̀, Jésù Olúwa.” Kí la tún ń wá?

Ẹnìkan bi mí níkọ̀kọ̀ pé “wíwá” ńkọ́, torí “àmì wíwá rẹ” ló wà ní Mátíù 24:3. Ó dára. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀, parousía, gbé dídé àti wíwà níbẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà fi mú “wíwàníhìn-ín”. Wíwá, wíwà: àmì ohùn kan ló pààlà sáàárín ẹ̀kọ́ méjì tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn jà lé lórí tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tẹ̀wé fún ìjọ láìfi àmì sí i, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́.

“Ìjágbàlọ” kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Òótọ́ ni pé harpazō, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n lò fún gbígbà náà ní 1 Tẹsalóníkà 4:17, le ju gbígbà lásán lọ. Òun náà ni Jòhánù 10:12 lò fún ìkookò tó já àgùntàn gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Èkó, kí ẹ pariwo pé wọ́n já nǹkan gbà lọ, ẹ ó rí bí gbogbo èèyàn á ṣe di báàgì wọn mú. Ẹ lè ní Bíbélì fúnra rẹ̀ sọ pé ọjọ́ Olúwa ń bọ̀ bí olè ní òru. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi wé olè níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe Olúwa. Àti pé Ìjọ Àgùdà àti Áńgílíkà kì í ya gbígbà sókè yìí sọ́tọ̀ kúrò lára bíbọ̀. Ẹ̀kọ́ pé ó máa ṣáájú ìpọ́njú ńlá, ọ̀dọ̀ oníwàásù kan, John Nelson Darby, ló ti tàn kálẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. “Ìgbàsókè” kò dá sí ìjà yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku “ìwàlójúfò”. Ẹ tún Mátíù 25 kà: wúńdíá mẹ́wàá tó gbé fìtílà dúró de ọkọ ìyàwó, mẹ́wàá ló tòògbé, mẹ́wàá ló sùn. Àwọn ọlọgbọ́n náà sùn fọnfọn! Òróró inú kólòbó ló yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n sì ti rọ ọ́ kí oorun tó kùn wọ́n. Ìmúrasílẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ lo “ìwàlójúfò” dandan, ẹ fi í sí 24:42, níbi tí Olúwa ti ní kí a máa ṣọ́nà, kí ẹ sì fi 24:44 sílẹ̀ fún “múra sílẹ̀” bó ṣe wà.

Ṣé ìwé náà ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, àbí ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?