Ṣé kọ̀ǹpútà lè sọ ọ̀pẹ di ọ̀ta nínú gémù ìjà?

Ará Kútọ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó di àríyànjiyàn, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn máa bá kọ̀ǹpútà jà ní Arcade, níbi tó ti ń pàdé àwọn ọ̀tá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni kó gbé e dúró ní Practice, ibi ìdánrawò inú gémù, kó sì yan ohun kan ṣoṣo tí yóò máa ṣe fún un. Ti àkọ́kọ́ kì í kọ́ni ní nǹkan gidi mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Inú èkejì niṣẹ́ wà.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Fréèmù 60, ìyẹn àwòrán tó ń tẹ̀ léra wọn, ni gémù ìjà ń sá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èèyàn tí ojú rẹ̀ já gaara ń lo nǹkan bíi fréèmù 15 kó tó rí ẹsẹ̀ tó ń bọ̀, kí àtàǹpàkò rẹ̀ tó dáhùn, ìyẹn ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Kọ̀ǹpútà kì í wo ẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Bọ́tìnnì tó o tẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí apá ẹni tó ò ń lò tó gbéra. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú àwọn gémù àtijọ́ bíi Mortal Kombat II, bó o bá ṣe ń fò báyìí ló ti mọ ohun tó máa fi gbà ọ́ lókè. Bí o bá gbé e sí ìpele tó le jù, kì í ṣe ọgbọ́n ni wọ́n fi kún un, ìgbà tó máa dènà ni wọ́n mú pọ̀ sí i.

Síbẹ̀ náà, òmùgọ̀ ni. Fà sẹ́yìn díẹ̀, gbá a lẹ́sẹ̀, tún fà sẹ́yìn, tún gbá a. Yóò jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsọ pé "ó tún ti dé." Ẹni tó bá fi èyí parí Arcade ní ìpele tó le, tó wá gbé e dé ilé gémù, ọmọ ọdún méjìlá ló máa kọ́kọ́ fún un lésì. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó bá fà sẹ́yìn, ọmọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dè é.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ má fọwọ́ rọ́ Arcade sẹ́yìn pátápátá. Ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá páàdì mú, níbo ló fẹ́ ti mọ bí ẹsẹ̀ ẹni tó yàn ṣe gùn tó? Ní ilé gémù, ẹni tó bá borí ló ń jókòó; wọn á lu ọ̀pẹ láàárín ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, owó rẹ̀ á sì lọ. Ìpele tó rọrùn dáa fún un ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kó mọ bọ́tìnnì, kó mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ti ń dé àti ibi tí kì í dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kó jáde kúrò níbẹ̀.

Ní ti Practice, ohun tó yẹ kó ṣe rèé. Tekken ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí òun ni wọ́n ń fi ṣeré jù lọ́dọ̀ wa níbí. Mú Bryan, ọ̀kan lára àwọn oníjà inú rẹ̀, sí ọwọ́ kọ̀ǹpútà. Gba Snake Edge rẹ̀ sílẹ̀ sí àyè kìíní, ìyẹn ẹsẹ̀ tó ń fi gbálẹ̀ láti ẹ̀yìn. Gba ẹ̀ṣẹ́ àárín kan, èyí tó ń lu ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, sí àyè kejì. Ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣe èyí tó bá wù ú. Iṣẹ́ tìẹ ni kó o dúró, kó o dènà lórí ìdúró, kó o sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ KÌKÌ ìgbà tó o bá rí ara Bryan tó ń yí. Ẹsẹ̀ yẹn lọ́ra tó kí ojú rí i. Bó o bá dènà rẹ̀, àyè wà dáadáa láti sọ Bryan sókè kó o sì fi kọ́ńbò, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tó ń tẹ̀ léra wọn láìjá, gbà á. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó yí, ò ń méfò ni, má kà á mọ́ èyí tó o gbà, bó tiẹ̀ bọ́ sí i. Ogún tó péye, kó o tó bọ́ sí òmíràn.

Lẹ́yìn èyí, kọ́ ìyà jíjẹ. Kì í ṣe kí wọ́n fìyà jẹ ọ́ o, kí ìwọ fìyà jẹ ẹni tí o dènà ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Tekken 8 ń fi iye fréèmù hàn lójú tẹlifíṣọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Tekken 7, owó ni wọ́n fi ń rà á. Bó bá kọ -10, ìyẹn ni pé ẹni tó o dènà ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ á fi fréèmù mẹ́wàá pẹ́ jù ọ́ kó tó lè ṣe nǹkan míràn, ẹ̀ṣẹ́ tó yá jù lọ́wọ́ ẹ nìkan ló wọlé, torí fréèmù mẹ́wàá ló ń gbà. Bó bá jẹ́ -12, wá èyí tó ń gbà méjìlá. Bó bá ti dé -15, ọ̀pọ̀ wọn ló ní èyí tó ń gbéni sókè. Ọ̀pẹ a máa rí -15, á sì lo ti -10, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn.

Ará Adìgbẹ

Àbúrò, o gbàgbé ìdìmú, òun ló ń pa àwọn ará Arcade jù. Kọ̀ǹpútà kì í fi bẹ́ẹ̀ di èèyàn mú, tó bá sì di wọ́n mú, wọn ò mọ ohun tó ń tú u. Mú King, oníjà Tekken míràn. Gba ìdìmú rẹ̀ tó ń jẹ́ Giant Swing sílẹ̀, bọ́tìnnì 1 (ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì) ló ń tú u. Gba Muscle Buster, 1 àti 2 (ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún) pa pọ̀ ló ń tú u. Fi ọ̀kan tí 2 ń tú kún un. Jẹ́ kó máa pààrọ̀ wọn. Apá ni kó o máa wò, má wo ojú King: bí apá òsì bá ṣáájú, 1, bí ọ̀tún bá ṣáájú, 2, bí méjèèjì bá jáde pọ̀, 1+2. Ìgbà tó bá kọ́kọ́ ṣe é, o ò ní rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń jẹ́ kí ojú mọ̀ ọ́n.

Ẹ sì tún wo irinṣẹ́ kẹ́ ẹ tó bú ọwọ́ yín. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí wọn ò gbé sí Game Mode máa ń jẹ́ kí àwòrán pẹ́ kó tó dé. Fréèmù mẹ́rin márùn-ún tó bá sọnù síbẹ̀, ojú èèyàn ò lè rí i san padà. Wọ inú ètò àwòrán, yí i sí Game Mode kó o tó ṣe ìdánwò kankan.

Páàdì ńkọ́? Tí Hadouken, bọ́ọ̀lù agbára tí wọ́n ń jù nínú Street Fighter, ò bá jáde, tan ibi tí gémù ti ń fi ìtẹ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó yẹ kó o rí ↓ ↘ →. Bó bá jẹ́ ↓ → ló ń kọ, igun àárín ló ń fò. Gbìyànjú páàdì ẹlòmíràn. Bó bá jáde lórí ìyẹn, àtàǹpàkò rẹ ò jẹ̀bi. Páàdì PS4, ṣúkúrúù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Tú u jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, yọ ẹnu bátìrì. Náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ àwọn rọ́bà bọ́tìnnì. Fi òwú tó mu spírítì díẹ̀ nu ojú rẹ̀, jẹ́ kó gbẹ. Fóòmù tó ń ti náílọ́ọ̀nù yẹn mọ́ pákó iná náà máa ń pẹlẹbẹ bó bá pẹ́. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ká sẹ́yìn rẹ̀ ń tì í padà. Ọ̀pọ̀ páàdì tí wọ́n ń jù nù, kò ju èyí lọ.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Kí n fi èyí kún un: kọ́ńbò, mẹ́wàá léraléra láìjá lápá òsì, kó o wá yí sí apá ọ̀tún, mẹ́wàá míràn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lápá kan ṣoṣo kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ará Kútọ̀

Ghost inú Tekken 8, kọ̀ǹpútà tó ń fara wé bí èèyàn ṣe ń jà, ńkọ́? Ìyẹn dáa ju Arcade lọ dáadáa, nítorí ìṣe èèyàn ló ń kọ́, ó sì ṣeé ṣe kéèyàn gba ti ẹlòmíràn wálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ara ẹni gan-an ló wúlò jù. Bá a jà bí ìgbà márùn-ún, wàá rí i tó ń ṣe àṣìṣe tìẹ, tó ń fò nígbà tí kò yẹ kó fò.

Ṣùgbọ́n èèyàn la fi ń mọ èèyàn jà. Lọ́dún 2019, Arslan Ash ọmọ Pakistan gba EVO Japan, ìdíje ńlá gémù ìjà, ó sì tún gba EVO ní Las Vegas lọ́dún kan náà, lórí Tekken 7. Ó sọ fáyé pé àwọn ọ̀ta mìíràn pọ̀ nílé. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe èyí fúnni. Àwọn tí wọ́n jọ ń lu ara wọn lójoojúmọ́ ló ṣe é.

Nítorí náà, bí mo ṣe rò pé ó yẹ kó rí nìyí. Ṣàtidé ni ilé gémù, yálà Sápọ́n ni o tàbí Káàmpù níbí l'Abẹ́òkúta. Lọ síbẹ̀, jẹ ìyà. Mú ìwé kékeré dání, kọ ohun mẹ́ta tó pa ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe mẹ́wàá: ẹni tó lo, ẹ̀ṣẹ́ tó lo, ohun tó o ń ṣe nígbà tó wọlé. Bí o bá délé tí iná wà, gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ sọ́wọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe rí gan-an, ogún ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wákàtí kan péré ni wọ́n fún yín níná, ó tó. Bó o bá padà lọ ní Ṣàtidé kejì tí ọmọ yẹn tún lo ti àkọ́kọ́, tó o sì dènà rẹ̀ láìronú, pa á rẹ́ nínú ìwé kó o kọ òmíràn sí i.