Ẹ̀yin tíṣà, báwo lẹ ṣe ń jókòó pọ̀ ṣe skìímù ọdún mẹ́ta?

TíṣàMátíìsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Mátíìsì ni mò ń kọ́ ní ilé ìwé girama ìjọba kan l'Ékòó. Àwa H.O.D. (olórí ẹ̀ka mátíìsì) láti ilé ìwé mélòó kan tó wà nítòsí ara wa ti ń sọ ọ́ pé ká jókòó ká ṣe ètò kan tó máa gbé ọmọ láti SS1 títí dé ẹnu WAEC, kó má jẹ́ skìímù (ìwé tó ń to topic ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan) tàámù kan tá a máa ń dà kọ lọ́dọọdún láìwo ohun tó ṣáájú àti ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ yìí máa ń kó kiri jàre, bàbá ọmọ lè kó kúrò ní Kétu lọ sí Ìkòròdú láàárín ọdún, ọmọ á dé ibẹ̀ á bá wọn lórí quadratic, bẹ́ẹ̀ níbi tó ti ń bọ̀ wọn ò tíì kan factorisation rárá, wọ́n á ti sọ ọ́ di olódo kó tó mọ orúkọ tíṣà ẹ̀.

Skìímù ìjọba wà o, mi ò sọ pé kò sí. Ìbéèrè mi ni pé ibo lèèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ta ló ń di bírò mú, kí la sì máa ṣe nígbà tí wọ́n bá fún ìdajì wa ní tíránsífà?

MamaVP_Ìbàdàn:
Ẹ kú làákàyè, ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ mo ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tí mo wà ní VP academics, igbákejì pírínsípà tó ń bójú tó ẹ̀kọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti SS1 o, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ tí WAEC máa wọlé. Lórí ìwé, tàámù mẹ́sàn-án ló wà nínú ọdún mẹ́ta, àmọ́ tàámù kẹta SS3 ti WAEC ni, kì í ṣe tiyín, torí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ku mẹ́jọ. Nínú tàámù ọlọ́sẹ̀ 13, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń gé koríko, ẹ yọ mid-term, ẹ yọ revision àti ìdánwò, inter-house sports á jẹ díẹ̀, Iléyá á jẹ tiẹ̀, ká ní ó ku ọ̀sẹ̀ 9. 9 lọ́nà 8, 72 nìyẹn, mock, ìdánwò tá a fi ń múra WAEC, ò sì tíì mú tiẹ̀ níbẹ̀ o.

Ẹ kọ 72 yẹn gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ariwo pé gbogbo topic ló ṣe pàtàkì á rọlẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa bi ara yín pé ṣé ó yẹ ká lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí number bases nígbà tí ọmọ ò lè ro fraction méjì pọ̀.

Ti bírò, ẹ má fi sọ́wọ́ pírínsípà. Inú fáìlì ló máa kú sí. Tíṣà tó máa kọ́ ọ ní kíláàsì ni kó kọ ọ́ sílẹ̀.

BàbáFísíìsì:
Ṣé mátíìsì nìkan lẹ fẹ́ jókòó sí ni? Ẹ̀yin gan-an lẹ ń fìyà jẹ wá! Mo máa fẹ́ kí ọmọ SS1 ya velocity-time graph kó wá gradient ẹ̀, wọ́n á máa wò mí bí ẹni pé èdè Lárúbáwá ni mò ń sọ. Tíṣà Chemistry ń sunkún ratio àti standard form nítorí mole concept. Ti Geography ló wá burú jù, SS1 ni wọ́n ti ń fi longitude ṣírò local time, digirí 15 sí wákàtí kan, mátíìsì ò sì ní kan longitude àti latitude títí di SS3. Mi ò ní kẹ́ ẹ gbé e wá sí SS1 o, ti mátíìsì le ju ti Geography lọ, trigonometry wà nínú ẹ̀. Àmọ́ tí gbogbo wa bá jọ ń wo tébù kan náà, tíṣà Geography á mọ̀ pé òun lòun máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, á fara balẹ̀ níbẹ̀, tíwọ mátíìsì bá sì dé SS3, o ò ní máa kọ́ ọ bíi pé ọmọ náà ò gbọ́ ọ rí.

Ọmọ_Òṣogbo:
Ẹ máa ṣeré o. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde kọ́ríkúlọ́ọ̀mù tuntun, wọ́n gé sọ́bújẹ́ẹ̀tì kù, wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ bíi títún fóònù ṣe àti sólà wọlé. Ṣáájú ẹ̀ wọ́n ti yọ History kúrò, wọ́n tún dá a padà. Ètò ọdún mẹ́ta wo ló fẹ́ pé ọdún mẹ́ta? Ínspẹ́kítọ̀ ńkọ́, tó bá wọlé tó rí i pé lẹ́sìn nóòtù yín ní week 5 ò bá skìímù ìjọba mu, ta ló máa gba query? Èmi kọ́ o.

MamaVP_Ìbàdàn:
Quadratic ò tíì yí padà látìgbà tí mo ti wà ní girama, ọmọ mi. Àmọ́ ti ínspẹ́kítọ̀, òótọ́ lo sọ. Ẹ má gbé topic kúrò nínú tàámù tí ìjọba fi í sí, bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn àti iye ọ̀sẹ̀ tó máa gbà nìkan ni kẹ́ ẹ yí. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé kọjá tàámù, ẹ kọ lẹ́tà sí dístríìtì (ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilé ìwé àdúgbò yín) kẹ́ ẹ tó ṣe é, kẹ́ ẹ sì tọ́jú kọ́pì.

Tíṣà_Houston:
Ẹ jẹ́ n dá sí i díẹ̀, Algebra I ni mò ń kọ́ níbí. Ìpínlẹ̀ Texas ló ń kọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀, TEKS ni wọ́n ń pè é, àmọ́ dístríìtì ló ń pín in sí ọ̀sẹ̀. Tiwa máa ń kó tíṣà grade 6, 7, 8 àti ti high school jọ nígbà ọlidé, iṣẹ́ ibẹ̀ sì ni kí èmi sọ fún ti grade 8, láìbú u, ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀ ò mọ̀ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú máa ń korò díẹ̀ o, mi ò ní parọ́! L'Ékòó wọ́n ti ya junior sọ́tọ̀ kúrò lára senior, pírínsípà méjì, nígbà míì nínú ọgbà kan náà, tíṣà JSS3 àti ti SS1 lè má kíra wọn. Ẹ pe àwọn JSS3 yẹn wá.

Kẹ́ ẹ sì jọ ṣe ìdánwò kan náà lẹ́yìn topic ńlá kọ̀ọ̀kan, torí bí kò bá sí ìyẹn, ilé ìwé kan á ti wà ní week 9, òmíì á ṣì wà ní week 4, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ti tíránsífà, Google Drive tó jẹ́ ti gbogbo yín ni kẹ́ ẹ kó o sí, kó má wà lórí fóònù ẹnì kan. Ẹ kọ ìdí sí i pẹ̀lú, pé ìdí báyìí la fi fún word problem ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé má kàn pa á rẹ́.

TíṣàMátíìsì:
Ẹ ṣé gan-an, mà, ẹ ṣé, ẹ̀yin ọ̀gá mi. SS1 nìkan la máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, a máa pe Geography, Físíìsì àti àwọn tíṣà JSS3 pẹ̀lú. Ọlidé tó ń bọ̀ la fẹ́ lò, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa fún wa lówó ọkọ̀, a máa dá owó jọ ra oúnjẹ ni.

Ọmọ_Òṣogbo:
Tí oúnjẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi location ránṣẹ́.